Ṣé dandan ni kí ọmọ iléèwé wọ yunifọ́ọ̀mù? Wọ́n dá ọmọ kan padà ní gẹ́ẹ̀tì torí ṣòkòtò

Ìbéèrè:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí, Òkè Àró la ń gbé níbí ní Àkúrẹ́. Àkọ́bí mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS1 ni. Mọ́ńdè tó kọjá wọ́n dá a padà ní gẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ṣòkòtò ìdí ẹ̀ kì í ṣe èyí tí iléèwé ń tà, pé màrúùnù tiẹ̀ fi díẹ̀ dúdú ju ti àwọn tó kù lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó fẹsẹ̀ rìn wálé, ojú ẹ̀ ti wú kó tó dé. Kí n tó lè ra tiwọn, 22,000 náírà ni fún ṣẹ́ẹ̀tì kan àti ṣòkòtò kan, kàdígánì àti aṣọ eré ìdárayá ṣì wà nílẹ̀ o. Mo wá ń rò ó pé kí ni gbogbo èyí wà fún ná? Ṣé inú ṣòkòtò ni ìwé wà ni? Kí ló dé tí wọn ò kúkú fagi lé yunifọ́ọ̀mù kí oníkálukú wọ ohun tó bá ní lọ síléèwé? Ẹ dá mi lóhùn, inú ń bí mi.

* * *

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá mi rẹ ọmọ yẹn lẹ́kún.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti ń bọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi pamọ́. Aránṣọ ni mí, ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí Ọjà Ọba, bó bá ti di ìparí July báyìí títí October fi máa wọlé, aṣọ iléèwé ló máa ń gba ọwọ́ mi, ti púráímárì, ti sẹ́kọ́ńdìrì, ti ìjọba, ti àdáni. Nínú ẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Síbẹ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún mi nínú.

Mo fẹ́ràn yunifọ́ọ̀mù, mi ò fẹ́ kí wọ́n fagi lé e. Àmọ́ kí iléèwé sọ ara ẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù aṣọ, mi ò fara mọ́ ọn, kí wọ́n wá dúró sí gẹ́ẹ̀tì kí wọ́n dá ọmọ padà torí aṣọ, ìyẹn gan-an ni mo kórìíra jù nínú gbogbo ẹ̀. Ọmọ kọ́ ló ń ra aṣọ. Tẹ́ ẹ bá ní ẹjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ rò, ẹ pe bàbá ẹ̀, ẹ pe ìyá ẹ̀, kí ọmọ wà ní kíláàsì níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ màrúùnù tó dúdú yẹn wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ fún yín bí ẹni tó ń fọwọ́ kan aṣọ lójoojúmọ́. Aṣọ tí wọ́n ń pa láró ní fákìtírì, ìdì dé ìdì ni wọ́n ń pa á, ìdì kan kì í bá òmíràn dọ́gba pátápátá. Mo lè ra ìdì kan lóṣù kẹjọ, kí n padà sọ́dọ̀ ìyá aláṣọ kan náà lóṣù kẹsàn-án, kó gbé òmíràn fún mi, orúkọ kan náà, nọ́ńbà kan náà, tí mo bá tẹ́ méjèèjì síta nínú oòrùn ẹ máa rí i pé ọ̀kan dúdú jùkan lọ. Kódà èyí tí iléèwé ń tà fúnra wọn, tọdún yìí kì í jọ tèṣí. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ sá a sí oòrùn, ìyàtọ̀ yẹn ò ní hàn mọ́ kí táàmù tó parí. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ lé ọmọ kúrò ní gẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

* * *

Ọ̀pọ̀ nínú yín tẹ́ ẹ kọ èsì sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ pé kí wọ́n fagi lé e, kí oníkálukú wọ tiẹ̀. Mo mọ̀ pé inú ló ń bí yín, àmọ́ ẹ dúró ná.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ múfútì, ọjọ́ tí wọ́n ń parí táàmù tí wọ́n á ní kí àwọn ọmọ wọ aṣọ ilé wá? Ọmọbìnrin kan wà tó ń bá ọmọ mi ṣọ̀rẹ́ nígbà tí wọ́n wà ní púráímárì 5, àràárọ̀ ló ń yà pè é kí wọ́n jọ lọ. Lọ́jọ́ múfútì kò yà. Wọ́n ní inú ló ń run ún. Táàmù tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ múfútì dé, inú tún ń run ún. Mo yà sílé wọn nírọ̀lẹ́, mo bá a níwájú ilé tó ń fọ abọ́, ara ẹ̀ le koko. Ìyá ẹ̀ ló wá pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní gáùn kan ṣoṣo tó ṣeé wọ jáde ló ní, ó ti wọ̀ ọ́ lọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kejì ni ọmọ kan bi í láàárín kíláàsì pé ṣé kò láṣọ míì ni. Ọmọ yìí kì í pa ọjọ́ kan jẹ o. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n bọ́ yunifọ́ọ̀mù kúrò lára ẹ̀ ló ń sá fún. Tí wọ́n bá wá sọ gbogbo ọjọ́ di ọjọ́ múfútì, ẹ bá mi ro bí ọ̀sẹ̀ ọmọ yẹn ṣe máa rí.

Ti owó náà, ẹ má tan ara yín. Yunifọ́ọ̀mù méjì máa gbé ọmọ dé ìparí ọdún. Aṣọ ilé méjì ò lè gbé e ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lójú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, pàápàá tó bá ti dé ìgbà tí ojú ti ń là, JSS2, JSS3, ọmọ tí kò bìkítà fún aṣọ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara ẹ̀ nínú díńgí.

Ṣùgbọ́n n ò ní parọ́ fún yín, kò bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹni tó mọ aṣọ wò máa mọ̀. Lọ́dún tó kọjá wọ́n gbé pináfò kan wá pé kí n bá wọn tú etí ẹ̀ sílẹ̀, ọmọ ti ga. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì mo rí ìlà mẹ́ta nísàlẹ̀ ẹ̀, ọ̀kan lókè ọ̀kan, ibi tí wọ́n ti ń tú u láti ọdún dé ọdún. Ara aṣọ náà ti ṣá pátápátá, ó ti di búlúù tó jọ omi ọṣẹ, ibi tí wọ́n kọ́kọ́ tú fi díẹ̀ dúdú jù ú lọ, èyí tó tẹ̀ lé e tún dúdú jùyẹn, ibi tí mo wá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ní ìkẹyìn yìí ṣì dúdú minimini bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ẹ̀gbọ́n méjì ti wọ̀ ọ́ kó tó kan ọmọ yìí. Mo wá bíńdìn búlúù, mo fi bo àwọn ìlà yẹn yípo aṣọ bí ọ̀ṣọ́, mi ò gba kọ́bọ̀, torí mo mọ̀ pé ìlà yẹn ni ojú àwọn ọmọ á kọ́kọ́ bọ́ sí.

* * *

Ọ̀gbẹ́ni kan ní òyìnbó ló kó gbogbo ẹ̀ wá, pé ìgbà tá a ti gba òmìnira ló yẹ ká ti bọ́ ọ dànù.

Òótọ́ ni, ọ̀dọ̀ àwọn míṣánnárì la ti mọ̀ ọ́n ní ti iléèwé. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun kan fún yín. Ní ìlú òyìnbó fúnra wọn, àwọn ọmọ aláìní wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi wọ̀. Iléèwé Christ's Hospital tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1552, ọmọ òrukàn àti ọmọ tálákà ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, ẹ̀wù búlúù gígùn ni wọ́n ń fi wọ̀ wọ́n, àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣì ń wọ ẹ̀wù búlúù náà dòní. Ẹ wò ó dáadáa, ṣe ni wọ́n ń fi aṣọ ṣàánú ọmọ. Ní tiwa, ọmọ tí kò ní là ń lé.

Tó bá wá jẹ́ ti kí èèyàn púpọ̀ wọ aṣọ kan náà, ta ló kọ́ Yorùbá nìyẹn? Ẹ lọ síbi ìnáwó èyíkéyìí nílùú Ondo ní Sátidé, ẹ máa rí i, ẹbí ọkọ lọ́tọ̀, ẹbí ìyàwó lọ́tọ̀, ẹgbẹ́ ìyá olóde lọ́tọ̀, aṣọ ló ń sọ ẹni tó ni èèyàn. Ẹgbẹ́jọdá ò ṣàjèjì sí wa. Kódà wàhálà kan náà ló wà nídìí méjèèjì: ẹni tó ń pín aṣọ ẹbí ń fowó lé e, gbogbo wa la mọ̀, iléèwé náà ń fowó lé e. Ohun tó yàtọ̀ ni pé tó ò bá ra aṣọ ẹbí, tó o wọ àǹkárá tìẹ wá, ìyá olóde ò ní lé ẹ padà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á fún ẹ ní àga. Wọ́n á gbé oúnjẹ wá. Bó ṣe yẹ kí iléèwé náà rí nìyẹn.

* * *

Tíṣà kan dá mi lóhùn, ó bínú díẹ̀, mi ò sì bá a jà torí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá dúró sí gẹ́ẹ̀tì rí kò lè mọ̀, pé tí wọ́n bá gba ọ̀kan láyè lónìí, lọ́la ogún á wọ ohun tó wù wọ́n wá, pé àwọn ọmọ kan wà tí aṣọ wà nílé àmọ́ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀.

Mo mọ irú àwọn ọmọ yẹn. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá. Ọmọkùnrin kan wá bá mi nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó ká ṣòkòtò iléèwé ẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, ó ní kí n bá òun fún un mọ́ ẹsẹ̀ kó lè lẹ̀ típẹ́típẹ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ báyìí, owó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó tiẹ̀ fẹ́ san ju iye tí mo máa bù fún un lọ. Mo bi í pé ta ló rán ṣòkòtò yẹn. Ó ní ẹ̀yin ni. Mo ní ìyá ẹ ńkọ́, ṣé ó mọ̀ pó o wá? Kò lè fèsì. Mo gba ṣòkòtò lọ́wọ́ ẹ̀, mo pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù lójú ẹ̀. Àwọn aránṣọ kan wà tó máa gba owó yẹn, mi ò lè bá wọn jà, àmọ́ tí ṣòkòtò bá ti fún mọ́ ẹsẹ̀ báyẹn, òṣù mẹ́ta kò ní pé tó máa ya láàárín itan, ìyá ni yóò tún ra òmíràn.

Nítorí náà tíṣà, ẹ ní láti máa wo aṣọ wọn, mo gbà. Ọmọ tó fún ṣòkòtò mọ́ ẹsẹ̀ àti ọmọ tí ìyá ẹ̀ ò tíì rówó, ẹ̀ṣẹ̀ wọn ò jọra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń kọ́ni láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ẹ mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra lójú kan. Ẹni àkọ́kọ́, ẹ fìyà jẹ ẹ́ nínú ọgbà iléèwé, kó gé koríko lẹ́yìn ẹ̀kọ́, mi ò ní bá yín rojọ́. Ẹnì kejì, ẹ kọ lẹ́tà sí òbí ẹ̀, ẹ dá ọjọ́ fún un, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó wọlé.

* * *

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀, ó kan ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá mi wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ púráímárì ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀, January 1955. Abúlé kan lọ́nà Ìdànrè ni wọ́n wà. Wọ́n ní kó na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì, ọwọ́ ẹ̀ kàn án, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀. Owó iléèwé ò sí mọ́, àmọ́ aṣọ ń bẹ. Gáùn búlúù kan ni bàbá ẹ̀ rán fún un, ọ̀kan náà, alaalẹ́ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí òjò bá ń rọ̀ wọ́n á so ó kọ́ sókè ààrò kó lè gbẹ. Ó ní títí dòní tóun bá gbóòórùn èéfín igi, iléèwé ló ń wá sóun lọ́kàn. Lẹ́yìn náà, lásìkò tí Gómìnà Adékúnlé Ajasin dé ní 1979 tí sẹ́kọ́ńdìrì náà di ọ̀fẹ́, ẹ̀gbọ́n mi wọlé, bákan náà ló tún rí, kò sí owó iléèwé, bàbá mi wá owó aṣọ kiri.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣètò iléèwé ní ìpínlẹ̀ wa yìí rò ni pé September ni iléèwé ń wọlé. Kòkó gidi tí ọ̀pọ̀ òbí ń retí ńkọ́? October lọ sókè ló ń jáde, kí wọ́n tó fọ́ ọ, kí wọ́n fi ewé bò ó, kí wọ́n sá a, kó gbẹ, kí wọ́n tó tà á, ó ti di November. Àwọn èèyàn tó ń wá bá mi láti Ìdànrè àti àwọn abúlé ọ̀nà Ondo, September ni ọwọ́ wọn gbẹ jù nínú gbogbo ọdún. Wọ́n á ní ẹ bá wa rán an, tí kòkó bá dé a ó san án. Mo ń rán an. Ìwé gbèsè mi wà nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì, ọ̀pọ̀ wọn ń san án kí Kérésìmesì tó dé, àwọn tí kò san lè má ju méjì mẹ́ta lọ lọ́dún. Tí èmi aránṣọ tí mi ò ní nǹkan kan bá lè dúró de kòkó, kí ló dé tí iléèwé ò lè dúró? Kí wọ́n fún òbí títí táàmù àkọ́kọ́ fi máa parí. Kí ọmọ máa wọ tàtijọ́ tàbí aṣọ tó bá jọ ọ́ títí dìgbà náà.

* * *

Àwọn kan nínú yín ní kí ìjọba kúkú fi aṣọ kan ṣoṣo fún gbogbo iléèwé ìpínlẹ̀.

Ọ̀ṣun ti dán an wò. Nígbà Gómìnà Aregbesola ni wọ́n sọ yunifọ́ọ̀mù gbogbo iléèwé ìjọba di ọ̀kan náà, Gómìnà Oyetola ló wá dá a padà ní 2020 kí iléèwé kọ̀ọ̀kan padà sí tiẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ òbí àti àwọn tó ti jáde níléèwé wọ̀nyẹn ò dùn sí i látìbẹ̀rẹ̀, mo sì mọ ìdí. Níbí ní Àkúrẹ́, Aquinas College ti wà láti 1951, Oyemekun láti 1953, Fiwasaye náà ń bẹ, nílùú Ondo, Ondo Boys' High School ti wà láti 1919. Ẹ sọ fún àwọn tó jáde níbẹ̀ pé ẹ fẹ́ pa àwọ̀ wọn rẹ́, ẹ ó rí i.

Kì í ṣe ìgbéraga nìkan ló wà níbẹ̀ ṣá o. Ọdún kan òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ ọjà, ọmọbìnrin kékeré kan ṣìnà sáàárín àwọn aláta, ó ń sunkún débi pé kò lè sọ orúkọ bàbá ẹ̀. Ìyá kan tó ń ta iṣu ló wo aṣọ ẹ̀, ó ní "ọmọ iléèwé tó wà lọ́nà Arákálẹ̀ nìyí," wọ́n gbé e lé ọ̀kadà pẹ̀lú ìyá yẹn fúnra ẹ̀, wọ́n bá tíṣà tó ń wá a kiri lójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ pé aṣọ kan náà ni gbogbo ọmọ Àkúrẹ́ ń wọ̀, ibo ni wọn ì bá ti bẹ̀rẹ̀? Tó bá sì jẹ́ aṣọ ilé ló wọ̀ ńkọ́?

Ti híjáàbù tí ẹnì kan béèrè, ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ ní June 2022, lórí ẹjọ́ tó wá láti Èkó, wọ́n ní àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ̀ ọ́ ní iléèwé ìjọba. Èmi Kìrìsìtẹ́nì ni mí, mo ń rán híjáàbù iléèwé, aṣọ ara yunifọ́ọ̀mù náà ni mo ń gé e nínú ẹ̀ kí àwọ̀ wọn lè bára mu. Kò bà yunifọ́ọ̀mù jẹ́ rí.

* * *

Ti Amẹ́ríkà, ẹni tó mú un wá ní yunifọ́ọ̀mù ń pa ìwà ipáǹle lára ọmọ. Ìlú Long Beach ní California sọ ọ́ di dandan ní 1994 fún àwọn ọmọ púráímárì àti àwọn tó dà bí ọmọ JSS tiwa, wọ́n ní ìjà dínkù, Ààrẹ Clinton náà gbé e lárugẹ ní 1996. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà ní wọ́n ṣe àwọn nǹkan míì pọ̀ mọ́ ọn lásìkò kan náà, kò rọrùn láti mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ní Jámánì ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ iléèwé ìjọba ò ní yunifọ́ọ̀mù rárá, àwọn ọmọ wọn sì ń kàwé. Nítorí náà mi ò ní sọ fún yín pé aṣọ ló ń kọ́ ọmọ níwà.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Kenya, torí ó jọ tiwa. Àwọn olùwádìí fún àwọn ọmọ púráímárì ní yunifọ́ọ̀mù lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn ibẹ̀, wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn tí wọn ò fún. Àwọn tó gba aṣọ kì í pa iléèwé jẹ bíi ti àwọn tó kù, àwọn tó fi iléèwé sílẹ̀ nínú wọn náà kéré sí i. Aṣọ lásán o. Kì í ṣe ìwé, kì í ṣe tíṣà tuntun. Ó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ tá a rò pé kò fẹ́ kàwé, aṣọ ni kò ní.

* * *

Ẹnì kan láti Ondo ní kí n sọ iye tó yẹ kó jẹ́, kí n má kàn máa bú iléèwé.

Ẹ gbọ́. Ọmọ JSS1 tí ara ẹ̀ mọ níwọ̀n, yáàdì mẹ́ta tó fún ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò. Èmi ra yáàdì kan ní 1,800, ìyẹn 5,400. Bọ́tìnì, síìpù, òwú àti aṣọ líle inú kọ́là, 800. Owó ọwọ́ mi, 4,500. Gbogbo ẹ̀ 10,700 náírà, mo sì jèrè níbẹ̀. Iléèwé ní 22,000. Ó ku 11,300 tí mi ò lè rí ibi tó wọlé sí. Mo ti rán fún iléèwé kan rí tí wọ́n ní kí n rán igba, owó tí wọ́n san fún mi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó èyí tí ẹni tó wọlé láti ojú títì ń san, kí n tó wá gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á fún òbí. Mi ò rán fún wọn mọ́ látìgbà náà.

Ohun tí mo rò pé ó dáa nìyí: kí iléèwé sọ àwọ̀ àti irú aṣọ, kí wọ́n lẹ àpẹẹrẹ ẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì, kí òbí lọ ra á lọ́jà níbi tó bá ti rí i, kí aránṣọ tó bá wù ú rán an. Báàjì nìkan ni kí iléèwé máa tà, kí wọ́n rán an mọ́ àpò àyà. Tí ọmọ bá dàgbà, wọ́n á tú báàjì yẹn, wọ́n á rán an mọ́ tuntun. Kàdígánì, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́, oòrùn tó ń pa wá ní Àkúrẹ́ ní February ò gba kàdígánì. Aṣọ Fúráìdé tí àwọn àdáni kan tún gbé dé yìí, àti èyí tí wọ́n ń wọ̀ ní Wẹ́sìdé, mi ò rí ohun tó wà fún.

* * *

Àwọn tó bi mí bí yunifọ́ọ̀mù ṣe lè pẹ́: ẹ sọ fún aránṣọ yín kó fi ínṣì mẹ́rin sílẹ̀ létí ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ínṣì kan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó má gé e dànù. Kó fi rọ́bà sẹ́yìn ìbàdí. Orúnkún ọmọkùnrin ló ń kọ́kọ́ lọ, ẹ ní kó fi aṣọ kan náà tẹ́ inú ẹ̀. Ẹ yí i padà kẹ́ ẹ tó sá a, abẹ́ ìbòòji ni kẹ́ ẹ sá a sí tó bá ti ní àwọ̀. Ẹ má fi bílíìsì kan aláwọ̀ rárá. Funfun nìkan ni kẹ́ ẹ fi búlúù sí. Tí bọ́tìnì bá já, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ rán an, ẹ má fi pín-ìn-nì gun un, pín-ìn-nì ló ń ya aṣọ.

* * *

Ìyá wa tó béèrè ti padà wá. Ó ní òun lọ rí igbákejì pírínsípà, wọ́n ní ọmọ lè máa wọ ṣòkòtò yẹn títí di ìsinmi àárín táàmù, kí òun má gbàgbé. Ọmọ ti padà sí kíláàsì, ó ti pàdánù ọjọ́ mẹ́ta.

Inú mi dùn, kò sì tíì tó. Ìsinmi àárín táàmù ò jìnnà. Ẹ lọ sípàdé òbí àti tíṣà tó ń bọ̀, ẹ má dá nìkan lọ, òbí mẹ́rin márùn-ún ni kẹ́ ẹ jọ dìde, ẹ béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ máa ra aṣọ lọ́jà. Ẹ mú ìṣirò tí mo kọ yìí dání.

Ẹ wá mú ṣòkòtò náà wá sọ́dọ̀ mi ní Sátidé, kí ọmọ fúnra ẹ̀ tẹ̀ lé yín. Ẹ má fi téèpù wọ̀n ọ́n nílé kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ránṣẹ́, èmi ni mo fẹ́ wọ̀n ọ́n. Mo ní ìdì màrúùnù méjì nílẹ̀. A ó gbé ṣòkòtò yẹn sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, èyí tó bá bá ti iléèwé mu jù ni mo máa gé. Mo máa fi ínṣì mẹ́rin sílẹ̀ lẹ́sẹ̀, torí àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá yìí, kí ẹ tó yíjú padà wọ́n á ti ga. Owó ẹ̀ dìgbà tí ọwọ́ yín bá dẹ̀.